Ọsán Já, Ọrun Di Ọ̀pá

Ẹni tí alátìlẹ́yìn rẹ̀ kú tàbí tó sá lọ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, ohùn àánú la sì fi ń pa á, bí ẹni pé ọsán kàn já ni, tí ọrun aláìṣẹ̀ sì di igi tí ọmọdé fi ń lé ewúrẹ́. Tafàtafà kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọrun fúnra rẹ̀ ló pa ọsán.

Ojú ibi tí ọsán ti já ni ẹlẹ́rìí. Bó bá já láàárín, níbi tí ìdí ọfà ti ń gùn ún, ọfà ló ti ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi òwú wé ibẹ̀, kí ọfà lè máa jẹ òwú kó fi ọsán sílẹ̀. Bó bá já ní ojóbó tó kọ́ sí orí ọrun, kí a fi ìka tọ́ orí igi náà wò: etí mímú kan wà níbẹ̀ tí agbẹ́gi kò fá kúnná. Ẹni tó ń fa ọrun, tó ń jù ú sílẹ̀ láìfi ọfà sí i, òun náà ń pa ọsán, nítorí agbára tí ìbá bá ọfà lọ kò ríbi gbà, ara igi àti ọsán ló padà sí. Òjò àti ọyẹ́ kò gbẹ́yìn. Ọsán awọ a máa rọ̀, a máa fà bí omi bá kàn án; bí ọyẹ́ bá dé, a gan, a sì sán, àfi bí a bá ń fi ọ̀rá pa á lára.

Ẹnìkan lè ní awọ tí kò dára ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó bá wu awọ burúkú ló ti ń já. Bí a bá pààrọ̀ ọsán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já lójú kan náà, kí a fi aláwọ sílẹ̀, kí a gbé ọ̀bẹ ti orí ọrun.

Bí ọrun ṣe ń pa ọsán ara rẹ̀ yìí, ìlú náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró lókè Màpó ní Ìbàdàn, tó wo Bẹẹrẹ, Ọjàaba àti Bẹyẹrúnkà, ìlú àwọn ológun ló ń wò, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829. Ìṣákọ́lẹ̀ àti ọmọ ogun láti ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun ni ọsán wọn. Ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú náà, ni ojú ibi tí ọsán ti kọ́ ọrun. Etí ibẹ̀ mú jù. Ibẹ̀ náà ló sì ti já: ní 1878, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ìbọn tuntun tó ti Èkó wá ló dá Ìbàdàn dúró nínú ogun Kírìjì tí wọ́n bá Èkìtìparapọ̀ jà. Ìbọn náà ṣe bẹbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìlú ti kọ̀yìn sí ajẹ́lẹ̀ kí ìbọn náà tó pọ̀ lójú ogun. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885. Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ ni àdéhùn náà fi sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ará ibẹ̀ tó bá sì fẹ́ kó lọ, wọ́n ní kó máa lọ.