Sípóòkù Ogójì: Ìtàn Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Ògùn

Ìlú àgbẹ̀ ni Àgọ́-Àrẹ ní Òkè-Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ló wà, nítòsí Tedé, ní gúúsù Ṣakí, lórí ilẹ̀ ọ̀dàn tí igi ẹ̀mí àti igi irúgbá dúró káàkiri oko. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, oko sì máa ń jìnnà sílé. Kí alùpùpù tó gbòde, orí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ ni ẹrù fi ń wọ̀lú láti abà. (Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi pẹ́dà wà ni mò ń wí o, kì í ṣe Màrúwá.) Bí àwọn àgbà bá ń ròyìn kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà náà, orúkọ ni wọ́n máa ń pè: Raleigh, Hercules, Rudge, Humber, Phillips. Orúkọ dáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló gbé iṣu, pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó so sípóòkù ogójì, wáyà inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, mọ́ ọn. Ìtàn ẹsẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ pa.

Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ kò ní pẹ́dà rárá. Ọmọ Jámánì kan, Karl von Drais, ló gbé e jáde ní ìlú Mannheim lọ́dún 1817. Igi ni, ẹni tó bá gùn ún á máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1860 ni wọ́n fi pẹ́dà sí ẹsẹ̀ iwájú ní ìlú Paris. Igi náà ni ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn, irin ni wọ́n fi dè é létí bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹṣin. Ó wúwo, ó sì ń gbọn ènìyàn débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ lórúkọ agbọneegun.

Nínú ẹsẹ̀ onígi, òpó ni igi kọ̀ọ̀kan jẹ́: ẹrù dúró lé èyí tó wà nísàlẹ̀. Wáyà kò lè ṣe òpó. Bí o bá tì í, á ká. Bí o bá fà á, kò sí ohun tó ń ṣe é. Eugène Meyer, ará Paris, ló rí ọ̀nà gbé e gbà lọ́dún 1869: ó fi wáyà tín-ín-rín fa rímù, irin roboto etí ẹsẹ̀, mọ́ họ́ọ̀bù tó wà láàárín rẹ̀ láti gbogbo àyíká, ó sì fa gbogbo wọn le kí ẹrù kankan tó dé orí rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ọ̀ṣán ìlù dùndún dáadáa á lóye rẹ̀. Kò sí ọ̀ṣán kan tó ń dá gbé awọ dúró. Fífà tí gbogbo wọn jọ ń fà ló ń mú un le. Nígbà tí ẹrù bá dé, àwọn sípóòkù tó wà nísàlẹ̀ á dẹ̀ díẹ̀, àwọn yòókù á ṣì máa fà. Bí wọ́n bá ti dẹ̀ kí ẹrù tó dé, ọ̀rọ̀ bùṣe.

James Starley ti ìlú Coventry ló tún un ṣe sí i lọ́dún 1874. Sípóòkù tó bá nà gbọọrọ láti àárín họ́ọ̀bù kò lè gba agbára tí pẹ́dà ń fi yí họ́ọ̀bù. Á kàn máa lọ́ ni. Starley dá wọn ní ẹ̀gbẹ́, ìdajì kọjú síwájú, ìdajì kọjú sẹ́yìn, wọ́n sì ń dábùú ara wọn. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé yín ṣe rí. Ọmọ arákùnrin Starley yìí, John Kemp Starley, ló ṣe kẹ̀kẹ́ Rover lọ́dún 1885, tí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lọ́dún 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà afẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọdún kan náà ni Frank Bowden ra iléeṣẹ́ kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Raleigh Street ní ìlú Nottingham. Orúkọ àdúgbò náà ni kẹ̀kẹ́ wọn ń jẹ́, orúkọ yẹn ló sì dé gbogbo abà wa.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Rélùwéè dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó gba Òṣogbo àti Ìlọrin kọjá, ó sì dé Jẹ́bà lọ́dún 1909. Kò yà sí Òkè-Ògùn. Ìséyìn, Òkèhò, Ṣakí, Àgọ́-Àrẹ, gbogbo wọn ló kù sí apá òsì irin. Ibi tí rélùwéè kò dé, tí mọ́tò sì ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìgbafẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ gùn ún ni pásítọ̀, tíṣà, akọ̀wé kóòtù àti wolé-wolé. Lẹ́yìn wọn ni àgbẹ̀ tí owó wọlé fún. Kòkó ló mówó wá fún àwọn ará ilẹ̀ igbó. Lọ́dọ̀ tiwa, tábà wà lára ohun tó ṣe é. Iléeṣẹ́ British American Tobacco ṣí ilé sìgá sí Ìbàdàn lọ́dún 1937, àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì wà lára àwọn tó ń gbin ewé tábà fún wọn. Owó tábà wọ páànù òrùlé, ó wọ owó iléèwé ọmọ, ó sì wọ kẹ̀kẹ́.

Iléeṣẹ́ UAC tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1929, John Holt àti àwọn mìíràn ló ń ta kẹ̀kẹ́. Inú àpótí pákó ni kẹ̀kẹ́ ń gbé wá láti òkè òkun, ní títú: férémù lọ́tọ̀, pẹ́dà lọ́tọ̀, rímù lọ́tọ̀. Ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ yìí ti nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń tò ó. Bí o bá sì rà á tán, láísẹ́ńsì kù, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti gba igbó sá fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà ọjà.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tà fún wa wúwo, ó tó nǹkan bí kílò 20. Ó ga, fọ́ọ̀kì rẹ̀ rọ̀ síwájú díẹ̀ kó lè gba kòtò mọ́ra. Bíréèkì rẹ̀ kò lo wáyà. Ọ̀pá irin ló ń fa rọ́bà mọ́ inú rímù láti ìsàlẹ̀. Táyà rẹ̀ jẹ́ 28 × 1½, èyí tí wọ́n ń kọ ní 635 lónìí. Sípóòkù 32 ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú, 40 ní ẹ̀yìn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ìdí ẹni tó gùn ún, ẹrù kẹ́ríà àti agbára ṣéènì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wọ̀ lé. Ohun tí wọn ò rò ni ẹrù Àgọ́-Àrẹ. Àgbẹ̀ á so igi méjì mọ́ kẹ́ríà kó lè gùn sí i, á to iṣu lé e, á fi rọ́bà túùbù àlòkù dè é pinpin, á sì máa tì í lọ lẹ́bàá ọ̀nà nítorí pé kò sí àyè ìjókòó mọ́.

Ẹsẹ̀ tó bá rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ á jó. Ohun tí oníkẹ̀kẹ́ á sọ fún atúnkẹ̀kẹ́ṣe náà nìyẹn: "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń jó." Bí ọ̀gá bá wò ó tó rí i pé rímù ti ká, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á so ọ̀tun.

Á jókòó sórí àpótí, họ́ọ̀bù á wà láàárín itan rẹ̀. Họ́ọ̀bù ní etí méjì, ihò ogún ní etí kọ̀ọ̀kan. Sípóòkù mẹ́wàá ló máa kọ́kọ́ kì bọ etí kan, á máa fo ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, á sì fi ẹnu wọn bọ ihò kẹrin-kẹrin lára rímù, á fi nípù, nọ́ọ̀tì kékeré tó ń di ẹnu sípóòkù mú, mú wọn díẹ̀díẹ̀. Mẹ́wàá etí kejì á tẹ̀ lé e nínú ihò tó kángun sí wọn. Lẹ́yìn náà ló máa yí họ́ọ̀bù díẹ̀ kí gbogbo wọn dá ní ẹ̀gbẹ́, kó tó ki ogún tó kù, tí wọn á kọjú sí òdìkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yìí á dábùú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó dábùú kẹ́yìn ló sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí méjèèjì lè máa ti ara wọn. Ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti sábà máa ń ṣì í ni ihò fáàfù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ túùbù. Bí sípóòkù bá dábùú níwájú rẹ̀, ẹnu pọ́ńpù kò ní wọlé, kò sì sí àtúnṣe mìíràn ju kó tú u lọ.

Síso kò le tó nínà. Ọ̀gá á dojú kẹ̀kẹ́ dé, á gbé ẹsẹ̀ sáàárín férémù, á di ṣọ́ọ̀kì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rímù, á sì yí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá kàn ló yà. Bó bá yà sí òsì, á fún àwọn sípóòkù tó ti etí ọ̀tún wá ní ibẹ̀, á dẹ ti òsì, ìdá mẹ́rin yíyí ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ga sókè bí ẹyin, á fún ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi ìka ta wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa gbọ́ ohùn wọn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ dún bákan náà. Ti ọ̀tún ẹ̀yìn máa ń han díẹ̀ ju ti òsì lọ, nítorí fíríwíìlì, eyín tí ṣéènì ń yí, ti gba àyè níbẹ̀, wọ́n sì ní láti fà jù. Lójú tèmi, ohùn yìí la fi ń mọ ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ṣọ́ọ̀kì mú rímù tọ́, àmọ́ bí sípóòkù kan bá fà tí èkejì rẹ̀ sì dẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ á tún fi máa jó. Tó bá parí, á fi fáìlì rẹ́ ẹnu sípóòkù tó bá yọ nínú nípù, á sì fi abala túùbù àtijọ́ wé inú rímù kí irin má bàa gún túùbù tuntun.

Nípù àlòkù kì í ṣòfò. Àwọn ọmọdé á ha orí ìṣáná sínú rẹ̀, wọn á fi ìṣó dí i, wọn á là á mọ́ ògiri, gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Nígbà tó yá, Raleigh náà bẹ̀rẹ̀ sí í to kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ lọ́jà pẹ̀lú: Hero tó bẹ̀rẹ̀ ní Ludhiana ní Íńdíà lọ́dún 1956, Phoenix ti Shanghai, Flying Pigeon tí wọ́n ń ṣe ní Tianjin láti 1950. Àwòrán kan náà ni, ọ̀pá bíréèkì kan náà. Lọ́dún 1986 ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà já wálẹ̀, ọjà òkè òkun gbówó lórí. Àsìkò yẹn náà ni alùpùpù akérò bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air pè é. Ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, kẹ̀kẹ́ akérò tí wọ́n ń pè ní taxi-kannan wà kí alùpùpù zemidjan tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Òkè-Ògùn, ọ̀pọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe di atún-alùpùpù-ṣe. Sípóòkù ló wà lára ẹsẹ̀ alùpùpù náà, ọwọ́ wọn kò kúkú ṣàjèjì sí i.

Kẹ̀kẹ́ tó pọ̀ lọ́jà báyìí ni tòkunbọ̀, rímù álúmíníọ̀mù, ihò 36 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi táyà jẹ ènìyàn níyà. Táyà méjì lè jọ jẹ́ 26 kí ọ̀kan má wọ rímù èkejì: 26 × 1⅜ jẹ́ 590, 26 × 1.75 jẹ́ 559. Nọ́ńbà oní-mẹ́ta tó wà lára rọ́bà ni kí ẹ wò, ẹ fi ti inú rísíìtì sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń fi kẹ̀kẹ́ gbẹ́rù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kó máa yẹ̀ wò. Sípóòkù kì í sábà já láàárín. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló ń já, níbi tó ti wọ etí họ́ọ̀bù, pàápàá lápá ṣéènì. Bí ọ̀kan bá já, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹrù mìíràn tó gun orí rẹ̀, nítorí àwọn tó yí i ká ló ń gbé tirẹ̀. Ṣéènì ń gùn bó bá ti ń jẹ. Fi rúlà wọ̀n ọ́n: ojú mẹ́rìnlélógún gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12, bó bá ti di 12⅛, ó ti lọ, bí o bá sì pẹ́ lórí rẹ̀ á ba eyín fíríwíìlì jẹ́. Nígbà ọyẹ́, nu ṣéènì gbẹ lẹ́yìn tí o bá ta epo sí i, torí epo tó bá kù síta á gba eruku pupa, á sì di ohun tó ń ha irin. Pẹ́dà òsì, ọwọ́ òdì la fi ń tú u. Ọ̀pọ̀ apá pẹ́dà ló ti bàjẹ́ nítorí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Họ́ọ̀bù àtijọ́ oníhò 40 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, rímù tó bá a mu ló wọ́n. Bí ẹnì kan bá ní òun á so ó mọ́ rímù oníhò 36, tí òun á fo ihò méjì ní etí kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ náà á yí, ṣùgbọ́n fífà rẹ̀ kò ní dọ́gba láé, ẹ̀gbẹ́ ihò tó ṣófo ló sì máa kọ́kọ́ jó. Ẹ ra họ́ọ̀bù 36, kí ẹ ra sípóòkù tí gígùn rẹ̀ bá méjèèjì mu.