Olóògbé Àlùfáà I. O. Ransome-Kútì, Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Olórí Àwọn Olùkọ́

Nígbà tí ìjọ bá ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún, a máa ń dárúkọ àwọn tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ó kọ́ ilé Ọlọ́run, àti àwọn àlùfáà tí ó ti sìn níbẹ̀. Ó tọ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn olùkọ́, nítorí pé inú agbọ̀n kan náà ni ìgbàgbọ́ àti ìwé gbà dé ilẹ̀ wa. Láti ayé James White, tí àwọn C.M.S. rán wá sí Ọ̀tà níhìn-ín ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní A, B, D ní ọjọ́ Ajé kì í jìnnà sí ẹni tí ń ka Ìwé Mímọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Nínú gbogbo àwọn tí ó dìde gbèjà irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi kò mọ ẹni tí ó ju Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì lọ. Kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà. Síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀ ní agbègbè yìí.

A bí i ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 30 oṣù Épírílì, ọdún 1891. Bàbá rẹ̀ ni Kánọ̀nù J. J. Ransome-Kútì, àlùfáà olórin nì, tí ó kọ orin sínú àwo giramafóònù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Nígbà tí a ṣí Gírámà Sùkúù Abẹ́òkúta ní ọdún 1908, orúkọ Olúdọ̀tun ni a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró, ó sì gba oyè B.A. ní ọdún 1916. Ó kọ́ni ní Èkó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀gá Gírámà Sùkúù Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1919, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 13. Ní ọdún 1932 a pè é padà sí Abẹ́òkúta kí ó wá jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí òun tìkára rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ rẹ̀ kìn-ín-ní. Ọdún 22 ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀kọ́ gírámà láti Ọ̀tà níhìn-ín, Èkó tàbí Abẹ́òkúta ni ọ̀nà rẹ̀ tọ̀. Bí ó bá sì yà sí apá Abẹ́òkúta, ọwọ́ Ransome-Kútì ni yóò bọ́ sí. Ọwọ́ náà le. Ẹ̀rù rẹ̀ a máa ba ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni pàṣán rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ṣùgbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọ inú ẹbí náà, tí ó sì jókòó ní kíláàsì níbẹ̀, jẹ́rìí nínú ìwé rẹ̀ Aké, tí ó jáde ní ọdún 1981, pé bí a bá fi ẹ̀sùn kan ọmọ, ọ̀gá yìí a máa gbà á láyè kí ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀; bí àwíjàre rẹ̀ bá sì ní ọgbọ́n nínú, a máa fi etí sí i dájúdájú. Èmi gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni a ti lè mọ ọkùnrin náà. Ẹni tí kì í na ọmọ kí ó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbà kí a lé àgbàlagbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbọ́ tirẹ̀?

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ipò olùkọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ míṣọ̀n ní abúlé nígbà náà. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi ń kọ́ ọmọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó tún ń kọ́ wọn ní orin, ó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó sì ń ṣe ìtọ́jú ìjọ bí àlùfáà kò bá sí nítòsí. Àlùfáà ìjọ ni alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, ẹnu rẹ̀ sì ni abẹ gé. Olùkọ́ ìjọba ń retí owó ìfẹ̀yìntì, olùkọ́ míṣọ̀n kò ní irú rẹ̀. Nígbà tí ọjà kòkó àti epo wó lulẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, tí ìjọba sì dín owó ìrànlọ́wọ́ kù, orí owó oṣù olùkọ́ ni ìyà náà já lé.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Ransome-Kútì ti kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jọ sínú ẹgbẹ́ ní ọdún 1926; àwọn olùkọ́ Èkó ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti ọdún 1925. Ní ọjọ́ 8 oṣù Júláì, ọdún 1931, ẹgbẹ́ méjèèjì papọ̀ ní Èkó, wọ́n sì di Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, N.U.T. Wọ́n fi í jẹ ààrẹ, kò sì sọ ipò náà kalẹ̀ títí di ọdún 1954. Kò bèèrè ìjọ tí olùkọ́ ń lọ tàbí èdè tí ó ń sọ, E. E. Esua, ọmọ Kàlábà, ni ó bá a ṣe akọ̀wé àgbà láti ọdún 1943.

Èyí ni ó yẹ kí àwa ọmọ ìjọ ronú sí. Àlùfáà ni ọkùnrin yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ń jẹ́ ọ̀gá fún. Ìjọ ni agbanisíṣẹ́ àwọn tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nítorí náà nígbà tí ó bá dìde sọ pé owó olùkọ́ kò tó, àwọn àgbà inú ìjọ tirẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ fún, àti ìjọba lẹ́yìn wọn. Ó rọrùn fún un láti dákẹ́. Kò bọ́ aṣọ àlùfáà sílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi aṣọ náà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwa tí a ń gbé láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣàngó, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, mọ olùkọ́ tí ó ń gba owó tí kò tó ti ẹni tí ń ru páálí ní fáktírì. Ìjọ pẹ̀lú ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò lè fojú fo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1943 wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ Walter Elliot, tí a yàn láti wádìí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Nígbà tí ìròyìn jáde ní ọdún 1945, ẹnu àwọn ìgbìmọ̀ kò kò. Àwọn kan ní kí yunifásítì kan ṣoṣo wà fún gbogbo wa, ní Ìbàdàn. Ransome-Kútì wà pẹ̀lú àwọn tí ó pọ̀ jù, tí wọ́n ní kí Nàìjíríà ní tirẹ̀, kí Góòlù Kóòsì ní tirẹ̀, kí a sì tún Fourah Bay ṣe. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ kí a pa ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ ọ dàgbà rẹ́. Ní ọdún 1948 ni a ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn.

Nípa ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀, tí ó gbé níyàwó ní ọdún 1925, ìwé mìíràn ni yóò gba ìtàn náà. Òun ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta nínú ìjà owó-orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949. Lónìí, orúkọ Fẹlá ọmọ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń mọ ìdílé náà.

Ní ọdún 1954 ó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ sì ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ bí omi, tí a fi ń wá olùkọ́ kiri ìlú àti abúlé. Ó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò rí i pé oṣù mẹ́ta. Ó dágbére fún ayé ní ọjọ́ 6 oṣù Épírílì ọdún náà, ní ẹni ọdún 63. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ńlá kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé; Kuti Hall ni wọ́n ń pè é.