Geraldo Pino àti Orin Jáàsì Fẹlá

Ìlú Port Harcourt ni Geraldo Pino, olórin ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone, kú sí ní ọdún 2008. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ orin Afrobeat bá délẹ̀. Èyí kò tọ́ rárá, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ ba olórin jáàsì kan, ọmọ Abẹ́òkúta, lẹ́rù dé ibi tí ó fi wá ọ̀nà mìíràn.

Ní ọdún 1958 ni Fẹlá Ransome-Kútì lọ kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ Trinity ní Lọ́ńdọ̀nù. Jáàsì ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Nígbà tí ó padà sí Èkó, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, ń lú jáàsì mọ́ háíláìfù. Àwọn tí ó mọ orin gbádùn fèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjó ni àwọn ará Èkó ń sanwó fún.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí Pino gbé orin sóòlù bíi ti James Brown dé, pẹ̀lú àwọn ohun èlò oníná tí dídún wọn ń mi ilé. Fẹlá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Carlos Moore, ẹni tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, pé ọkùnrin yìí da ọkàn òun rú. Fẹlá tí kì í tètè gbà fún ẹnikẹ́ni!

Síbẹ̀, kò sọ ara rẹ̀ di James Brown kejì. Ó jókòó ti dùùrù oníná, ó sì fi ìlù lé Tony Allen lọ́wọ́. Allen ti ka ohun tí Max Roach, onílù jáàsì, kọ nípa àwo idẹ méjì tí onílù máa ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀. Ọgbọ́n yìí ni ó mú wọ inú fọ́ńkì, tí ìlù ọwọ́ ẹnì kan fi ń dún bí ti ènìyàn mẹ́rin. Nígbà tí James Brown wá sí Nàìjíríà ní 1970, àwọn onílù àti olórin rẹ̀ ni ó wá jókòó gbọ́ Fẹlá.

Lẹ́yìn tí Allen ti fi Fẹlá sílẹ̀, ó kó lọ sí Páríìsì. Nínú àwo Black Voices ti ọdún 1999, Doctor L fi ẹ̀rọ gé ìlù rẹ̀, ó sì tò ó ní ọ̀nà tuntun. Ní 2017, ọdún mẹ́ta kí ó tó kú, Allen tún padà sí jáàsì, ó gbé àwo jáde ní ìrántí Art Blakey.