Físà, òǹtẹ̀, àádọ́rùn-ún ọjọ́: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n tó yẹ kí ará ẹnubodè mọ̀

Ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ẹbí ní òdìkejì ààlà. Ọmọ Ìfọ̀nyìn wà níhìn-ín, wọ́n tún wà ní Ifangni ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó pín ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn ò rí èdè àti àna pín. Ìyẹn ló jẹ́ káwọn kan máa rò pé ọ̀rọ̀ ká lọ kí ẹbí kò gba ìwé. Ó gba ìwé o. Ẹni tí kò mọ ohun tí òṣìṣẹ́ ẹnubodè ń bèèrè lè fi owó àti àkókò ṣòfò, wọ́n sì lè dá a padà.

Ìmígíréṣọ̀n àti kọ́sítọ́ọ̀mù: Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Èèyàn àti ìwé rẹ̀ ni ìmígíréṣọ̀n ń wò. Ẹrù ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò. Pé wọ́n jẹ́ kí èèyàn kọjá kò túmọ̀ sí pé ẹrù rẹ̀ náà ti kọjá.

Ìwé ìrìnnà: Pásípọ́ọ̀tù ni gbogbo ayé mọ̀. Àdéhùn ECOWAS ní kí arìnrìn-àjò mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, pẹ̀lú ìwé ìlera. Ìwé ìlera yìí làwọn èèyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì, tó ń fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú.

Físà: Àṣẹ ni, tí èèyàn ń gbà kó tó wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ọmọ ìlú kan kò nílò físà láti wọ òmíràn. Dakar ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn yìí ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979. Àmọ́ “kò sí físà” yàtọ̀ sí “kò sí ìwé”.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́: Ọjọ́ 90 ni àdéhùn náà fún àlejò láìsí físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Ọkọ̀ ara ẹni náà ní ọjọ́ 90. Ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 15 lọ.

Òǹtẹ̀: Òun ni ẹ̀rí ọjọ́ tí èèyàn wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Ojú ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀, bí Ìdí-Ìrókò tó kọjú sí Igolo, ni àdéhùn ní kí èèyàn gbà wọlé. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kò ní òǹtẹ̀. Bí wàhálà bá dé, kò ní ohun tó máa fi hàn pé ọjọ́ 90 òun kò tíì pé.

Ọjọ́ físà àti ọjọ́ ìdúró: Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń lọ Amẹ́ríkà ti ń ṣìnà. Ọjọ́ tó wà lára físà ni ìgbẹ̀yìn ọjọ́ tí èèyàn lè fi í kan ilẹ̀kùn wọn. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa sọ iye ọjọ́ tó lè lò, ìwé I-94 ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Bí físà bá ní ọdún méjì, tí wọ́n fún èèyàn ní oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà náà ni.

Àṣẹ ìgbé: Ó fún àjèjì láyè láti máa gbé ìlú onílùú. Kò sọ ọ́ di ọmọ ìlú.

Ẹni tó ń wá ibi ìsádi: Ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí ẹ̀mí rẹ̀, tó ti tọrọ ààbò níbòmíràn ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì dá a lóhùn. Bí wọ́n bá gbà á tán ló tó di ẹni tí wọ́n fún ní ibi ìsádi.

Dídá padà àti lílé kúrò nílùú: Bí wọn ò bá jẹ́ kí èèyàn wọlé rárá, wọ́n dá a padà lẹ́nu bodè nìyẹn. Lílé kúrò nílùú jẹ́ ti ẹni tó ti wà nínú ìlú tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé ọdún 1969, nígbà tí Ghana fún àjèjì tí kò ní àṣẹ ìgbé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò ló fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn tí kò ní ìwé, tó fi jẹ́ pé àpò tí àwọn ará Ghana fi kó ẹrù ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Àdéhùn 1979 ti wà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ẹni tó ti lò ju ọjọ́ 90 lọ láìgba àṣẹ.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń lọ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó lódìkejì tó wọkọ̀, kó wo ọjọ́ ara ìwé ìrìnnà rẹ̀, kó mú yẹ́lò káàdì dání, kó sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un ní àlọ àti àbọ̀.