Ẹrù Àgọ́ Lẹ́yìn Píkáàpù: Ohun Tí Sípíríǹgì Ń Gbé àti Ohun Tí Kò Lè Gbé

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, gbajúgbajà òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà nì, John Steinbeck, gbéra ní ilé rẹ̀ ní Sag Harbor, ìpínlẹ̀ New York, láti lọ wo orílẹ̀-èdè rẹ̀ yíká. Ajá rẹ̀, Charley, ni ó mú dání. Ọkọ̀ tí ó wà kì í ṣe ayọ́kẹ́lẹ́. Píkáàpù GMC ni, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ọkọ̀ ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin tọ́ọ̀nù, tí wọ́n wá gbé yàrá kékeré kan lé ẹ̀yìn rẹ̀. Ibùsùn wà nínú yàrá náà, ààrò wà níbẹ̀, fìríìjì náà kò gbẹ́yìn. Rocinante ni Steinbeck sọ ọkọ̀ yìí, orúkọ ẹṣin Don Quixote.

Ẹrù tí ó kó sínú rẹ̀ pọ̀. Nínú ìwé Travels with Charley tí ó gbé jáde ní ọdún 1962, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun di ẹrù ju bí ó ti yẹ lọ: irinṣẹ́, oúnjẹ, ọtí, àti ìwé rẹpẹtẹ. Ọkọ̀ náà rù ú, kò ráhùn. Ó gbé e láti etí òkun kan dé ẹ̀bá èkejì. Ìgbà tí ó dé Oregon, ní ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ń rọ̀, ni táyà ẹ̀yìn kan bẹ́. Ó dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé èkejì náà ti ń wú, pé kò ní pẹ́ tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá ilé epo kan ni ó ṣe é lóore, tí ó tẹ àwọn ènìyàn láago títí ó fi rí táyà tí ó nípọn tó ẹrù náà. Àwọn kan ti bèèrè láti ìgbà náà bóyá gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé yẹn ni ó ṣẹlẹ̀ bí òǹkọ̀wé ti sọ ọ́. Ní ti táyà tí ó bẹ́ lábẹ́ ẹrù, kò sí awakọ̀ tí yóò bá a jiyàn.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe irin tí ó gbé ìdí ọkọ̀ dúró ni ó kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Táyà ni. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń kó àgọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí òun ni ojú ń rí: ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, wọ́n gbé e sókè. Àwọn ohun yòókù tí ń ru ẹrù náà kì í wálẹ̀ kí ojú tó rí wọn.

Irin yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ọkọ̀ abẹ́ńjìnnì tó wà ni àwọn alágbẹ̀dẹ Yúróòpù ti ń to irin pẹlẹbẹ lé ara wọn, gígùn nísàlẹ̀ kúkúrú tàbí lókè rẹ̀, wọn a sì fi ìdè irin dì wọ́n láàárín, kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin má baà máa ju ènìyàn sókè sódò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Obadiah Elliott ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tí ó rí bí ẹyin tí a tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọgbọ́n tí ó wà nínú irin onípele yìí kò le: bí a bá fẹ́ kí ó gbé ẹrù sí i, a óò fi irin kan kún un. Ìdí nìyí tí kò fi kú títí di òní lábẹ́ ọ̀pọ̀ píkáàpù, bí àwọn ayọ́kẹ́lẹ́ tilẹ̀ ti fi í sílẹ̀ fún irin tí ó ká bí ejò.

Nígbà tí Henry Ford gbé Model T jáde ní ọdún 1908, irin onípele kan ṣoṣo ni ó wà níwájú, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn, tí a gbé dábùú ọkọ̀. Ó tó fún ènìyàn mélòó kan. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò jẹ́ kí ó mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, wọ́n kan pátákó sí i, wọ́n sì ń di àgbàdo àti wàrà lé e. Èsì tí Ford fún wọn ní ọdún 1917 yẹ fún àkíyèsí. Kò ta sípíríǹgì tí ó le jù fún wọn kí wọ́n lọ fi sábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ṣáàsì mìíràn ni ó ṣe, Model TT, tí ó lè ru tọ́ọ̀nù kan. Àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí ó jẹ́ 100 íǹṣì lára Model T, di 125 íǹṣì. Férémù náà nípọn sí i, ásúlù ẹ̀yìn sì yàtọ̀ pátápátá.

Ford fúnra rẹ̀ ń pàgọ́ kiri ní àkókò yẹn. Òun, Thomas Edison tí ó ṣe gílóòbù iná, Harvey Firestone oníṣòwò táyà láti Akron, àti John Burroughs, àgbàlagbà tí ń kọ̀wé nípa ẹyẹ àti igbó, ni wọ́n jọ máa ń rìnrìn-àjò lọ sínú igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Alárìnkiri ni wọ́n pe ara wọn. Ní ọdún 1918, wọ́n gba orí òkè West Virginia, Tennessee àti North Carolina kọjá. Ní ọdún 1921, Ààrẹ Warren Harding wá bá wọn sùn sábẹ́ àgọ́ ní Maryland. Alárìnkiri tí ó ní alásè tirẹ̀ kì í ṣe alárìnkiri gidi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ní ọdún 1919, ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé wọn tó nǹkan bí 50, méjì nínú wọn ni Ford sì ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ilé ìdáná tí ń rìn, tí ó ní ààrò onípẹtiróòlù àti àpótí yìnyín. Èkejì jẹ́ ara ọkọ̀ arìnrìn-àjò tí wọ́n gbé lé orí ṣáàsì akẹ́rù, tí wọ́n sì pín sí ìyàrá-ìyàrá fún àgọ́, ibùsùn, àga àti iná mànàmáná. Ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀, tí ó lè pàṣẹ irú sípíríǹgì tí ó bá wù ú, rí ẹrù àgọ́, ó sì lọ mú ṣáàsì akẹ́rù.

Àwọn tí kò ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1925, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta píkáàpù tí a parí iṣẹ́ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ní 281 dọ́là. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí owó wà lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà, tí ọ̀nà sì ti dára, ọ̀pọ̀ ìdílé ra irú ọkọ̀ yìí, wọ́n sì ń gbé yàrá onípátákó tàbí oní-aluminíọ̀mù lé e lẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń ta píkáàpù tí wọ́n dìídì pèsè fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti ra ti ọjà tẹ́lẹ̀ ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀.

Èkíní ni irin ìrànlọ́wọ́: irin onípele kan tí kì í fara kan nǹkan nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n tí ẹrù bá tẹ ìdí ọkọ̀ dé ibì kan, òun náà yóò wọ iṣẹ́. Ọgbọ́n inú èyí hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé ìdí sókè ní òfìfo ní ojú ọ̀nà wa. Irin tí wọ́n kàn fi kún irin nìkan kò mọ̀gbà tí ẹrù wà àti ìgbà tí kò sí. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, yóò máa fò lórí gbogbo kòtò, ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ ni yóò sì jẹ́rìí sí i.

Èkejì ni àpò afẹ́fẹ́ onírọ́bà, níbi tí orúkọ Firestone tún ti yọjú. Ní àwọn ọdún 1930, ilé iṣẹ́ tí alárìnkiri nì dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán sípíríǹgì tí a fi rọ́bà àti afẹ́fẹ́ ṣe wò. (Ní ọdún 1926 ni ilé iṣẹ́ kan náà ti gba àdéhùn ilẹ̀ mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99 ní Làìbéríà láti gbin igi rọ́bà, ọ̀rọ̀ tí ó tó ìtàn gigùn lọ́tọ̀.) Bọ́ọ̀sì akérò ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ní ọdún 1949, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Air Lift sílẹ̀ ní Lansing, Michigan, láti máa ta àpò afẹ́fẹ́ tí a lè kì bọ inú sípíríǹgì tí ó ká. Lónìí, àpò bẹ́ẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ onípíkáàpù ń fi sáàárín férémù àti ásúlù ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá dé, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí ẹrù bá sọ̀, a jò ó kù díẹ̀. Ohun tí irin kò lè ṣe nìyí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àtúnṣe yìí. Bí ìdí ọkọ̀ bá wálẹ̀, imú rẹ̀ yóò gbòkè. Iná iwájú yóò máa tàn sí ojú ẹni tí ń bọ̀. Táyà iwájú, tí ó ń darí ọkọ̀ tí ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, kò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Sípíríǹgì tó tọ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, ń dín èyí kù. Àmọ́ bí yàrá àgọ́ bá gùn kọjá ásúlù ẹ̀yìn, bí ó ti ń tẹ ẹ̀yìn ni yóò máa ká iwájú nílẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé méjì jókòó sí orí pákó kan tí ọ̀kan sì wúwo ju èkejì lọ. Àpò afẹ́fẹ́ lè mú ọkọ̀ náà dọ́gba lójú, síbẹ̀ ìwúwo tí ó kúrò níwájú kò padà síbẹ̀ tán, èyí tí ó wà lórí táyà ẹ̀yìn kò sì fúyẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọkọ̀ ní ọdún 1966. Láti inú òfin yẹn ni ìwé pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ti wá, tí ń sọ gbogbo ìwúwo tí ọkọ̀, ẹrù àti ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá, àti ti ásúlù kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n fi òfin lélẹ̀ fún yàrá àgọ́ orí píkáàpù pàápàá: ẹni tí ó ṣe é gbọ́dọ̀ kọ ìwúwo rẹ̀, ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àárín ìwúwo náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Sípíríǹgì tuntun kò yí nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn padà. Ohun tí àwọn tí ń ta á kì í pariwo rẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí ó tẹ̀lé e.

Ọsirélíà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù. Níbẹ̀, píkáàpù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń sọdá aṣálẹ̀, pẹ̀lú omi, epo, àgọ́ orí òrùlé àti ilé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi ARB, tí a dá sílẹ̀ ní Melbourne ní ọdún 1975, ń ta sípíríǹgì ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí yóò máa wà lórí ọkọ̀ nígbà gbogbo. Síbẹ̀ àwọn ìwé ìròyìn ọkọ̀ ibẹ̀ ti gbé àwòrán píkáàpù tí férémù rẹ̀ ká lẹ́yìn ilé awakọ̀ jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Irin onípele di férémù mú ní ibi méjì tí ó jìnnà síra, ọ̀kan níwájú ásúlù, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń pín ẹrù fún wọn. Àpò afẹ́fẹ́ ń ti ojú kan ṣoṣo sókè, lókè ásúlù. Bí ẹrù bá wá pọ̀ ní ìdí pátápátá, tí ọ̀nà sì ń gbo ọkọ̀ jìgìjìgì, férémù yóò rí ibi tí yóò ti tẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n fi ní ètò kan níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ kí nọ́ńbà ìwúwo ọkọ̀ lè yí padà lọ́nà òfin. Sípíríǹgì nìkan kọ́ ni a ń yẹ̀ wò. Táyà, bíréèkì àti ohun yòókù tí ó bá kàn án wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò gba àkọlé tuntun. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà máa ń sọ fún oníbàárà pé kí ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú omi nínú àgbá, epo nínú táǹkì àti gbogbo ìdílé lórí ìjókòó, kí a wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, kí a wọn ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ó tó ra irin kankan.