Ẹ fẹ́ ra RAM kún kọ̀ǹpútà yín? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí owó má baà ṣòfò

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tẹ lẹ́tà, ṣe ìṣirò ọjà, tàbí kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti ń wọ́ bí ìgbín, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ẹ lọ ra RAM kún un." Òótọ́ lè wà níbẹ̀, àmọ́ RAM tí kò bá kọ̀ǹpútà mu kò ní wọlé rárá, owó ti lọ nìyẹn.

Ṣé RAM ló ń fa wàhálà lóòótọ́?

RAM dà bíi tábìlì tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá fẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa kó nǹkan lọ sórí hard disk, á tún máa kó o padà.

Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò lójúmọ́, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Nínú Task Manager, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo Memory. Tó bá ti ń sún mọ́ 90%, RAM ló kéré. Àmọ́ tí Memory kò bá ju ìdajì lọ, tí Disk sì ń wà ní 100%, hard disk ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹ fi owó yẹn ra SSD.

Mélòó ló tó?

8GB tó fún ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó sì ń wo íméèlì. Ẹni tó ń ṣí Excel, Zoom àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, 16GB ló dáa fún un. Microsoft ní ó kéré tán, Windows 11 nílò 4GB, àmọ́ kó ṣáà lè ṣiṣẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe kó yá.

Irú wo ni kí ẹ rà?

DDR3, DDR4 àti DDR5 kì í wọ àyè ara wọn. Ti láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń pè ní SODIMM, kúrú. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì gùn. Ẹ má fi orúkọ kọ̀ǹpútà nìkan ra ọjà: HP EliteBook 840 G2 ń lo DDR3L, 840 G3 sì ń lo DDR4. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ yọ RAM àtijọ́ dání lọ sí ọjà. Tí ẹ bá rí PC3L lára rẹ̀, DDR3L ni. PC4 ni ti DDR4.

Task Manager tún máa sọ iye àyè tó wà, lábẹ́ Slots used. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí RAM àwọn láptọ́ọ̀pù kan ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé pààrọ̀.

Ẹ má sanwó ohun tí ẹ ò nílò

RAM aláràbarà tó ń tan iná, àwọn tó ń ta géèmù ló wà fún. Bákan náà, tí kọ̀ǹpútà yín kò bá lè kọjá 2133, RAM tó jẹ́ 3200 á kàn máa sáré ní 2133 ni. Ẹ jẹ́ kí owó yín lọ sí GB. Tí 8GB kan bá ti wà níbẹ̀, tí àyè kan sì ṣófo, 8GB míì tó bá a mu ló máa dín ìnáwó kù jù.

Tí ẹ bá dé ọjà

Yálà ní Computer Village, Ikeja, tàbí ní ìtòsí yín, RAM tòkunbọ̀ kò burú, àmọ́ kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lójú yín. Ẹ rí i pé iye GB pé lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó sọ iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà. Tí ẹ bá délé, ẹ wá Windows Memory Diagnostic níbi Start, kí ó yẹ RAM náà wò. Tó bá ní ìṣòro wà, tàbí tí kọ̀ǹpútà ń ṣàdédé kú, ẹ dá a padà kí ọjọ́ yẹn tó pé.