Ohùn Ìsàlẹ̀: Láti Orí Agídìgbo Dé Orí Gìtá Béèsì

Àwọn àgbà ní, bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pa òwe yìí lónìí ni kò fojú kan agídìgbo rí. Àpótí pákó ni, tí wọ́n de irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ lójú, tí ẹni tó ń lù ú á gbé kọ́rùn, á sì máa fi ìka ta irin náà. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Á dún gbìm, ó tán. Ìsàlẹ̀ orin ni ibùgbé rẹ̀, bí ìpìlẹ̀ ilé tí àlejò kì í yìn.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta gìtá béèsì lóde àríyá àti ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí ní Ìdànrè, àwọn ọ̀dọ́ ò sì yéé bi mí pé, "Bàbá, gìtá wo ni kí n rà?" Orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ìtàn ni èmi máa ń sọ fún wọn, torí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí béèsì wá ṣe nínú orin wa, ṣé ó lè dá èyí tó dáa mọ̀ nígbà tó bá rí i?

Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ẹgbẹ́ jùjú ṣì kéré. Bobby Benson ti ń fi gìtá oníná han àwọn ará Èkó, Àyìndé Bákàrè náà sì fi iná sí gìtá tirẹ̀. Bí gìtá àti ohùn olórin ti ń gba inú ẹ̀rọ jáde, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù sí i: gángan wọlé, àwọn ìlù mìíràn tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ìlù ti ń pọ̀ sí i lókè, bẹ́ẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ń fẹ́ alágbára tí yóò gbé e ró.

Ní àwọn ọdún 1950, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ẹgbẹ́ J. O. Araba tí wọ́n ń pè ní Rhythm Blues. Fatai Rolling Dollar ló ń ta agídìgbo níbẹ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Lọ́dọ̀ Fatai yìí kan náà ni Ebenezer Obey, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ti kọ́ṣẹ́. Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, ó sì wà lára àwọn tó mú gìtá béèsì wọ inú jùjú ní àwọn ọdún 1960. Ẹ wò ó bó ṣe rí: ọmọṣẹ́ ẹni tó ń ta agídìgbo ló wá gbé béèsì sí àyè agídìgbo. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, irinṣẹ́ ló yàtọ̀.

Níbo ni irinṣẹ́ tuntun náà ti wá? Kó tó dé, béèsì ńlá tó ga ju èèyàn lọ ni àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù bíi ti E. T. Mensah ní Gánà ń lò. Gbígbé rẹ̀ kiri, ìyà ni. Bí ìlù bá sì pọ̀, kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, Paul Tutmarc ti ṣe béèsì oníná kékeré ní àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ò tà. Ní 1951 ni Leo Fender, ní Fullerton ní California, gbé Precision Bass jáde: okùn mẹ́rin, igi tí kò ní ihò nínú, òòfà tí wọ́n we wáyà bàbà mọ́ lára láti gbé ohùn okùn wọ inú ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ Höfner ní Jámánì ṣe tirẹ̀ jáde ní 1956, tó fúyẹ́, tó sì kúrú. Irú rẹ̀ ni Paul McCartney rà ní Hamburg ní 1961.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Fender fi fóòmù sábẹ́ ìdérí irin tó wà nídìí okùn, kí ohùn má baà pẹ́ jù. James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ àwo Motown ní Detroit, kò yọ fóòmù tirẹ̀, okùn dídán ló sì ń lò, kì í ṣe èyí tó rí gáḿgàḿ lọ́wọ́. Ohùn kúkúrú, gbìm, ó tán. Ta ló kọ́ wọn ní agídìgbo? Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Etí ẹni tó mọ ijó ló júwe ọ̀nà.

Ohùn kúkúrú yìí ṣe pàtàkì fún jùjú ju bó ti ṣe fún orin mìíràn lọ, torí pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Bí gángan bá ń ki ẹnìkan, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń pe orúkọ baba rẹ̀. Béèsì tó bá ń hó gèè láìdákẹ́ yóò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, owó tí onínáwó ì bá ná yóò sì padà sápò.

Ní Ìdànrè wa yìí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Orí òkè ni àwọn baba wa ń gbé títí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti nǹkan bí 1923. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló lọ síbẹ̀. Lẹ́sẹ̀ àwọn àpáta wọ̀nyẹn la ti ń fi owó kòkó ṣe ìnáwó. Ohùn ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àpáta bá wà ní 170 mítà sí ibi tí ẹ ti ń ṣeré, ohun tí ẹ ta yóò lọ bá a, yóò padà bá yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan gééré. Bí èyí tí ẹ kọ́kọ́ ta ò bá tíì kú, àwọn méjèèjì á pàdé, á di rúdurùdu. Òkè kì í bá èèyàn jà, àmọ́ kì í gbàgbé ohun tó gbọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra gìtá, ẹ má fi iná sí i lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ ta á lásán, kí ẹ fi àyà ti igi rẹ̀: igi tó dáa á gbọ̀n tìtì dé àyà yín. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí, bí ẹní ń wo pákó bóyá ó tọ́, torí òjò ń mú igi wú, ọyẹ́ ń mú un sún kì. Irin tí wọ́n fi ń tún ọrùn ṣe gbọ́dọ̀ yí. Ti Fender, okùn rẹ̀ gùn tó íǹṣì 34. Ti Höfner jẹ́ 30. Ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú kò gbọ́dọ̀ tijú láti mú èyí tó kúrú. Ẹ gbé e kọ́rùn fún wákàtí kan, torí òde àríyá wa kì í tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Okùn tó nípọn jù lọ ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn rẹ̀ ò bá já gaara, ẹ gbé gìtá náà sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó fi iná sí i, kí ẹ sì ní kí onígángan lù sí i. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ohun tí gángan ń wí, ẹ sanwó.

Owó yẹn náà ni wàhálà. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Kí 1989 tó parí, ó ti ju náírà méje lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ṣì lè ra nǹkan. Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, ti gbé àwo Juju Music dé òkè òkun láti 1982. Ẹgbẹ́ kékeré ìgbèríko ni ìyà náà jẹ. A ń se okùn ògbólógbòó nínú omi gbígbóná kó lè dún bíi tuntun. Ẹgbẹ́ mìíràn ta gìtá wọn. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ló ń ṣe béèsì.

Mi ò bá kíbọ́ọ̀dù jà. Ṣùgbọ́n agídìgbo ti fẹ́ lọ tán, òwe rẹ̀ ló kù sẹ́nu wa. Bí béèsì náà bá tẹ̀ lé e, kò ní sí òwe kan pàápàá tí a ó fi rántí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ra orúkọ. Tókúnbọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tọ́, tí ohùn rẹ̀ kúrú tó sì mọ́, sàn ju tuntun olówó ńlá tí ń pariwo lọ. Ẹ fi etí rà á. Ijó àwọn èèyàn yóò sọ bóyá ọjà náà dáa.